Ìlù Iná: Ohun Tó Ń Mú Un Dúró, Ohun Tó Ń Mú Un Wó

Ọ̀rọ̀ tí Ìgbìmọ̀ Ẹ̀kọ́ sọ níbi ayẹyẹ àyájọ́ ẹgbẹ́ wa

  

Nígbà tí wọ́n ní kí àwa Ìgbìmọ̀ Ẹ̀kọ́ wá sọ̀rọ̀, ohun tí ọ̀pọ̀ ń retí ni pé a óò tún sọ̀rọ̀ lórí owó ìfipamọ́ àti èlé orí owó yíyá. A sọ ìyẹn lọ́dún tó kọjá, a sì rí àwọn tó ń tòògbé. Ọ̀rọ̀ iná la gbé wá lọ́tẹ̀ yìí. Kì í ṣe pé a ti di oníṣẹ́ iná o. Ìwé tó pọ̀ jù lórí tábìlì akọ̀wé wa báyìí ni ìwé àwọn tó fẹ́ yá owó torí fíríìsà tó jóná, mọ́tò ẹ̀rọ ata tó fẹ́ àtúnṣe, tàbí ẹja páálí tó bàjẹ́ sọ́wọ́ wọn. Owó gbogbo wa ni owó náà. Kí a tó máa tú u dà sórí iná, ó yẹ ká mọ irú ìyà tí iná fi ń jẹ wá, nítorí ìyà náà kì í ṣe oríṣi kan ṣoṣo. A bi ọmọ ọ̀kan nínú wa tó kẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ iná, ó sì fi sùúrù là á yé wa. Bí a bá ṣì í sọ, tiwa ni, kì í ṣe tirẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Àwa tí à ń gbé Òṣogbo, ìlú wa yìí ni ibùdó tí wọ́n ti ń darí iná gbogbo Nàìjíríà wà. National Control Centre ni wọ́n ń pè é. Iná Èkó, iná Kánò, iná Pọtá, Òṣogbo ni wọ́n ti ń wò ó tọ̀sán tòru bóyá ó ń lọ déédéé. Àwọn wáyà gíga tó gbé iná 330,000 fóltì wá láti Jebba, ọ̀dọ̀ wa níbí ni wọ́n gbà kọjá sí ìhà Ìbàdàn àti Èkó. Síbẹ̀, bí iná bá lọ, àwa náà a máa wá àbẹ́là kiri. Ó dà bí ẹni tó ń gbé létí odò tó ń fi itọ́ bọ́jú. Kí ni wọ́n wá ń wò níbẹ̀ gan-an? Nọ́ńbà kan ni. 50 ni nọ́ńbà náà.

Ẹ rántí bí a ṣe ń gún iyán níbi ìnáwó ńlá. Obìnrin mẹ́ta á yí odó kan ká, olúkúlùkù pẹ̀lú ọmọ odó tirẹ̀, wọ́n á sì mú ìró kan náà. Bí ọ̀kan bá falẹ̀ tàbí tí ó sáré jù, ọmọ odó á gbá ọmọ odó, iyán á sì dàrú. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni iná. Iná tó wà nínú wáyà wa kì í ṣàn lọ tààrà bí omi ẹ̀rọ. Ńṣe ló ń lọ tó sì ń bọ̀, ìgbà 50 nínú ìṣẹ́jú àáyá kan. Fíríkúẹ́ńsì ni àwọn ẹnjiníà ń pè é. Àwa yóò máa pè é ní ìlù iná. Ẹ̀rọ Kainji tí omi ń yí láti 1968, ti Jebba, ti Shiroro, ti Egbin ní Ìkòròdú tó ń fi gáàsì hó omi kí ooru rẹ̀ lè yí ẹ̀rọ, gbogbo wọn so pọ̀ mọ́ wáyà kan náà, ìlù kan náà ni wọ́n sì ń lù. Wáyà yìí ni wọ́n ń pè ní gíríìdì. Kò sí ẹ̀rọ kan lórí rẹ̀ tó lè dá ìlù tirẹ̀ lù. Bí ìlù bá lọ sílẹ̀ ní Ìkòròdú, ó ti lọ sílẹ̀ ní Kánò náà nìyẹn.

Kí ló ń mú ìlù náà lọ sílẹ̀? Ẹ gbọ́ ná. Ata tí a kò tà tán lónìí, a lè sá a, a lè lọ̀ ọ́ kí a sè é. Iná kò ní àká. Yàtọ̀ sí ìwọ̀nba tí wọ́n ń kó sínú bátìrì, èyí tí wọ́n ṣe nínú ìṣẹ́jú àáyá yìí, inú ìṣẹ́jú àáyá yìí náà la gbọ́dọ̀ lò ó tán. Ẹgbẹ́ wa ń ṣe ìṣirò lóṣooṣù, bí ó bá ku náírà díẹ̀, akápò á wá a kàn. Àwọn ti ibùdó yìí, ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan ni ìṣirò tiwọn, wọn ò gbọdọ̀ jẹ gbèsè, wọn ò sì gbọdọ̀ ní àṣẹ́kù. Ìlù iná ni òṣùwọ̀n wọn. Bí ó bá wà ní 50, ohun tí à ń lò àti ohun tí wọ́n ń ṣe ṣe déédéé. Bí ó bá rẹlẹ̀, à ń lò ju ohun tó wà lọ. Bí ó bá ga, iná pọ̀ ju èèyàn tó ń lò ó lọ.

Àwọn ìyá wa tó ti pẹ́ lọ́jà yóò rántí ẹ̀rọ ata àtijọ́, Lister, èyí tó ní àgbá irin ńlá lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí ọmọ tó ń lọ ata bá da ata kún ẹnu rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ohùn ẹ̀rọ á wálẹ̀. Ẹ̀rọ kò ní kú lójú ẹsẹ̀, nítorí àgbá irin tó ti ń yí bọ̀ á ṣì máa fi agbára ara rẹ̀ wọ́ ọ lọ. Láàrin ìyẹn, ohun kékeré kan wà nínú ẹ̀rọ tó ń jẹ́ gọ́fánọ̀ (kì í ṣe Gómìnà ìpínlẹ̀ o). Ó mọ̀ pé eré ti dínkù, á ṣí epo sí i, ohùn á tún gòkè. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí à ń pè ní “I better pass my neighbour” náà ń ṣe é. Ẹ ki áyọ́ọ̀nù bọ̀ ọ́ kẹ́ ẹ gbọ́ bó ṣe máa kùn, tí á wá tún gbéra.

Gíríìdì kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, títóbi ló fi jù ú. Àwọn irin ńláńlá tó ń yí ní Kainji, ní Egbin àti níbi yòókù ni àgbá irin rẹ̀. Bí ẹ̀rọ kan bá ṣàdédé kú, irin àwọn tó kù á fara dà á fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan. Láàrin àkókò yẹn, gọ́fánọ̀ ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ṣí omi tàbí gáàsì sí i, kálukú gẹ́gẹ́ bí ó ṣe tóbi tó. Ẹ mọ bí a ṣe ń ṣe é nínú ẹgbẹ́ bí ọmọ ẹgbẹ́ kan bá ní ìṣòro òjijì: gbogbo wa la ó dá sí i, ẹni tó ní púpọ̀ á dá púpọ̀. Lẹ́yìn náà ni àwọn tó wà ní ibùdó á pàṣẹ fún ilé-iṣẹ́ kan tàbí òmíràn pé kí ó fi kún un, kí ìlù lè padà sí 50 gan-an.

Àwọn ọmọ wa tó wà ní Ìlú Ọba mọ ti ibẹ̀. Ní ọjọ́ 4 oṣù keje 1990, bí bọ́ọ̀lù tí Ẹ́ńgílándì gbá pẹ̀lú Jámánì nínú Ife Àgbáyé ṣe parí, gbogbo ilé dìde lẹ́ẹ̀kan náà láti lọ hó omi tíì. 2,800 megawatt ni iná tí wọ́n tún béèrè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ gbé e wò: iná tó pọ̀ jù tí gíríìdì Nàìjíríà tíì gbé ní oṣù kẹta 2025 fi díẹ̀ lé ní 5,800. Omi tíì àwọn òyìnbó nìkan sún mọ́ ìdajì rẹ̀! Iná wọn kò lọ, nítorí wọ́n mọ̀ pé bọ́ọ̀lù ń bọ̀, wọ́n sì ti múra sílẹ̀. Wọ́n ní ilé-iṣẹ́ kan nínú òkè ní Wales, Dinorwig ni orúkọ rẹ̀, tí wọ́n parí ní 1984. Lóru tí àwọn èèyàn bá sùn, wọ́n á fa omi lọ sókè. Bí ìlò bá dé, wọ́n á dà á sílẹ̀ sórí ẹ̀rọ. Bí ẹ̀rọ wọn bá ti ń yí sílẹ̀, ó lè ti orí òfo dé 1,320 megawatt láàrin ìṣẹ́jú àáyá 12. Egbin wa, pẹ̀lú ẹ̀rọ rẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tí wọ́n bá pé tí wọ́n sì ń ṣiṣẹ́, 1,320 náà ló jẹ́.

Ẹ má sì rò pé nǹkan kékeré ni kí ìlù yẹ̀ díẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2018, àwọn orílẹ̀-èdè méjì ní ilẹ̀ Yúróòpù, Serbia àti Kosovo, ń bá ara wọn jà lórí ẹni tó yẹ kó fi iná dí ibi tó kù. Ìlù gbogbo gíríìdì wọn rẹlẹ̀ bí orí irun báyìí, kò tilẹ̀ tó ohun tí ojú lè rí. Ṣùgbọ́n agogo ara ààrò wọn, iye ìlù iná ló fi ń ka àkókò. Nígbà tó fi di oṣù kẹta, àwọn agogo náà ti fi nǹkan bí ìṣẹ́jú 6 rẹ̀yìn káàkiri. Èèyàn pẹ́ dé ibi iṣẹ́ nítorí ìjà tí kò kàn án.

Ó dáa, kí ló wá ń mú tiwa wó? Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá 2024, gíríìdì wó. Ó tún wó lọ́jọ́ kejì. Nígbà tó di ọjọ́ 19, ó tún wó. Ọ̀sẹ̀ yẹn ni ẹja jẹrà lọ́jà wa tí àwọn kan fi ń bú ara wọn pé wọn ò ra yìnyín.

Bó ṣe ń wó rèé. Ẹ̀rọ kan kú, tàbí wáyà ńlá kan já. Ìlù bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀. Bí ó bá lọ sílẹ̀ dé ibì kan, àwọn ẹ̀rọ tó kù á yọ ara wọn kúrò, torí irin wọn lè gbọ̀n títí tí yóò fi ṣẹ́. A kò lè bá wọn wí. Ṣùgbọ́n èyí tó bá yọ ara rẹ̀, ó ti gbé ẹrù tirẹ̀ sórí àwọn yòókù nìyẹn. Òmíràn á tún yọ. Kí ó tó tó ìṣẹ́jú mélòó kan, òfo. Láti tún un gbé dìde, ilé-iṣẹ́ tí kò nílò iná ẹlòmíràn kí ó tó lè bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ń wá. Àwọn tí omi ń yí ló rọrùn jù. Wọ́n á máa so ìlú kan mọ́ ọn lẹ́yìn òmíràn, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń kọ́ ọmọ bí wọ́n ṣe ń rìn. Ìdí nìyẹn tí ìlú kan fi máa ń rí iná ṣáájú òmíràn.

Ohun tí kì í jẹ́ kó dé òfo ni pé kí a tètè gé àwọn kan kúrò kí ìyókù lè yè. Ní ọjọ́ 9 oṣù kẹjọ 2019, ààrá sán sí wáyà ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilé-iṣẹ́ iná ńlá méjì sì já kúrò nígbà kan náà. Ìlù rẹlẹ̀ dé 48.8. Ẹ̀rọ fúnra rẹ̀, láìdúró de ẹnikẹ́ni, gé iná oníbàárà tó tó mílíọ̀nù kan. Ọkọ̀ ojú irin dúró sójú ọ̀nà, àwọn èèyàn bínú gan-an, ṣùgbọ́n láàrin ìṣẹ́jú 45 gbogbo wọn ti rí iná padà. Bí a bá ní ká sòótọ́, nígbà tí wọ́n bá gé iná àdúgbò wa nìkan, ó lè jẹ́ pé gbogbo ìlú ni wọ́n fi gbà là. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, ó sì lè má jẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwa náà mọ ibi tí à ń gbé.

Ohun tó jẹ́ àìlera tiwa gan-an ni pé kì í sábà sí ìpamọ́. Ìpamọ́ ni pé kí ẹ̀rọ tó lè ṣe 100 máa ṣe 85, kí ó fi 15 sílẹ̀ de ọjọ́ òjijì. Nígbà tí gáàsì kò tó, tí olúkúlùkù ti ń fi gbogbo agbára rẹ̀ ṣe é, gọ́fánọ̀ kò ní ohun tí yóò ṣí mọ́. Àwọn mìíràn sì ti de gọ́fánọ̀ tiwọn mọ́lẹ̀. NERC, àjọ tó ń ṣòfin fún iṣẹ́ iná, ti pàṣẹ pé kí wọ́n tú u sílẹ̀. Èrò tiwa ni pé àṣẹ nìkan kò tó. Bí ẹ bá ní kí ìyá aláta fi agbọ̀n kan sílẹ̀ láìtà nítorí oníbàárà tó lè yọjú, ṣé ẹ kò ní san owó agbọ̀n náà ni? Iná tí ilé-iṣẹ́ tà ni wọ́n ń rí owó rẹ̀ gbà jù. Ta ni yóò wá fẹ́ dá ọjà dúró lọ́fẹ̀ẹ́?

A ti sọ ti ìlù. Fóltéèjì wá yàtọ̀. Fóltéèjì ni agbára tí iná fi ń ti ara rẹ̀ gba inú wáyà. Ìlù rí bákan náà jákèjádò, ṣùgbọ́n fóltéèjì lè yàtọ̀ láti òpópónà sí òpópónà. Ẹni tó wà nídìí táńsífọ́mà lè máa rí 240 kí ẹni tó wà ní òpin wáyà máa rí 150, èyí tí à ń pè ní “half current”. Ìrọ̀lẹ́ ló ń burú jù, nígbà tí gbogbo ilé bá ń lò ó. Lóru tí kálukú bá sùn, ó máa ń gòkè, nítorí wáyà gígùn tí ẹrù kò sí lórí rẹ̀ a máa gbé fóltéèjì sókè fúnra rẹ̀.

Ohun tó tún wà níbẹ̀ ni pé mọ́tò fíríìsà, mọ́tò ẹ̀rọ ata, fáànù, gbogbo ohun tó ní òòfà nínú, oríṣi iná méjì ni wọ́n ń béèrè. Ọ̀kan ń ṣiṣẹ́. Èkejì kàn ń gbé òòfà dìde ni, ó ń lọ ó ń bọ̀, kò ṣe nǹkan kan tí ẹ lè tọ́ka sí. Ẹ fi wé òṣùká. Òṣùká kì í ṣe ọjà, ẹnikẹ́ni kò ní rà á lọ́wọ́ yín, ṣùgbọ́n láìsí i ẹrù kò ní jókòó lórí. Irú iná òṣùká yìí kì í fẹ́ rin ìrìn jíjìn. Bí wọ́n bá ní kí ó ti Kainji wá, fóltéèjì á ti rọ kó tó dé. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń gbé kapásítọ̀ sí àwọn ibùdó iná káàkiri láti pèsè rẹ̀ nítòsí, tí wọ́n sì ń gbé ẹ̀rọ mìíràn síbẹ̀ tó ń fa àpọ̀jù mu lóru. Àwọn táńsífọ́mà ńlá náà ní ẹsẹ̀ tí wọ́n lè yí sókè sódò. Ìlú ńlá pàápàá ń kọsẹ̀ níbẹ̀: ní ọjọ́ 28 oṣù kẹrin 2025, ọ̀sán gangan, iná gbogbo Sípéènì àti Pọ́túgà lọ. Fóltéèjì ló gòkè jù, àwọn ilé-iṣẹ́ iná sì ń yọ ara wọn kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹ wá jẹ́ ká padà sórí tábìlì akọ̀wé. Fíríìsà mẹ́ta tó jóná lọ́jọ́ kan náà ní ìlà àwọn ẹlẹ́ja, ọ̀pọ̀ ló ní gíríìdì ló fà á. Rárá o. Gíríìdì kò wó lọ́jọ́ yẹn. Wáyà mẹ́rin ló ń bọ̀ láti ara òpó: mẹ́ta ní iná, ìkẹrin tó ń jẹ́ niútìrà ni iná ń gbà padà. Niútìrà yẹn ló já. Bí ó bá já, fóltéèjì á dàrú láàrin àwọn ilé. Ẹnì kan á rí 100, ẹlòmíràn á rí nǹkan tó sún mọ́ 400. A fi tó ilé-iṣẹ́ tó ń pín iná fún wa létí, ọjọ́ karùn-ún ni wọ́n tó gbé àkàbà wá. Nítorí náà, stabilizer tí kò lè gé iná fúnra rẹ̀ bí fóltéèjì bá gòkè jù, a kò ní yá ẹnikẹ́ni lówó láti rà á mọ́. Èyí tó ń gé iná, tó sì ń dúró fún ìṣẹ́jú mélòó kan kó tó dá a padà, ni kí ẹ máa béèrè. Ó wọ́n díẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n kò wọ́n tó fíríìsà. Kò sì sí stabilizer tó lè ṣe ohunkóhun fún yín lọ́jọ́ tí gíríìdì bá wó. Ọjọ́ yẹn, àfi yìnyín, jẹnẹrétọ̀ tàbí sólà.

Ẹ̀yin tí ẹ ní jẹnẹrétọ̀, ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọ mẹ́káníìkì máa yí ìdè gọ́fánọ̀ rẹ̀ kó lè “pariwo dáadáa”. Eré tí ẹ̀rọ yẹn ń sá ni ìlù iná yín. Bí ó bá sáré jù tàbí tó falẹ̀ jù, mọ́tò fíríìsà á máa gbóná. Ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ má fi wáyà olórí méjì so ó mọ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé. Iná yín yóò gba táńsífọ́mà padà sórí òpó, ọmọ ọlọ́mọ tó ń tún wáyà ṣe lè kú síbẹ̀. Chẹ́ńjóófà ni kí ẹ lò.

Èyí tó kẹ́yìn, ọwọ́ wa ló wà. Bí iná bá lọ fún wákàtí mẹ́fà, gbogbo fíríìsà ọjà ti gbóná. Bí a bá fi gbogbo wọn sílẹ̀ ní títàn, ìgbà tí iná bá dé tí àwọn ọmọdé ń kígbe “Up NEPA!”, gbogbo mọ́tò á bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Mọ́tò tó ń bẹ̀rẹ̀ ń fa iná ní ìlọ́po ohun tó ń lò tó bá ti ń yí. Fóltéèjì á rọ, fíùsì táńsífọ́mà á jó, òkùnkùn á tún dé, a ó sì máa bú ẹni tí kò ṣẹ̀ wá.

Nítorí náà, ìgbìmọ̀ aláṣẹ ti fọwọ́ sí i pé bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀, bí iná bá lọ, kí olúkúlùkù pa fíríìsà rẹ̀. Bí ó bá dé, ìlà àwọn ẹlẹ́ja ni yóò kọ́kọ́ tan tiwọn, nítorí ọjà tiwọn ló ń tètè bàjẹ́. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 10, ìlà àwọn ẹlẹ́ran. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 10 mìíràn, àwọn tó ń ta omi tútù àti ẹlẹ́rìndòdò. Ìyálọ́jà ìlà kọ̀ọ̀kan ni yóò máa mójú tó o. Ìwé orúkọ àwọn tó fẹ́ stabilizer wà lọ́wọ́ akọ̀wé. Ẹ mú rìsíìtì fíríìsà yín dání bí ẹ bá ń bọ̀, kí a lè mọ bí èyí tí yóò gbé e ṣe yẹ kó tóbi tó.